Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra fóònù àti bátìrì ní Ṣáínà, kí lojú yín rí?

Ọmọ Ìkẹjà:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi, kẹ́ ẹ má baà ní ọ̀rọ̀ ẹnu yín nìkan ni mo wá gbọ́.

Oṣù kẹfà ọdún 2018 ni mo kọ́kọ́ lọ sí Guangzhou. Wọ́n ń pín ìwé ìròyìn nínú bàálù. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, China Daily tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ti tán. Ojú tì mí láti kọ̀, ni mo bá gba ti èdè Ṣáínà. Nọ́ńbà nìkan ni mo dá mọ̀ nínú ẹ̀. Lókè pátápátá, wọ́n kọ 2018, àmì kan sì tẹ̀ lé e: 年. Nọ́ńbà mìíràn, àmì kan tó dà bí àkàbà: 月. Nọ́ńbà kẹta, àmì tó rí bí fèrèsé tí wọ́n fi igi là láàárín: 日. Háà, ọdún, oṣù, ọjọ́! Mo fi báírò kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì mi, bí ẹni ń ṣeré.

Ọjọ́ kẹta, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Shenzhen, ó di Huaqiangbei, ọjà fóònù àtàwọn ohun èlò ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Computer Village, ẹ rò ó pé wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sínú ilé gogoro, àjà lórí àjà, kí káńtà kan má ju tábìlì oníbúrẹ́dì lọ. Ẹnì kan ń ta ojú fóònù nìkan. Ẹnì kejì, síkúrù wẹ́wẹ́wẹ́ nìkan. Ariwo sẹ́lótéèpù tí wọ́n fi ń di páálí, kíríkírí, kò dáwọ́ dúró láàárọ̀ dalẹ́.

Bátìrì fóònù 300 ni mo fẹ́ rà. Ọmọbìnrin tó ń tajà tẹ iye sórí kakulétọ̀, mo pa á rẹ́, mo tẹ tèmi. Ó pa tèmi rẹ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹ tirẹ̀. Bá a ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn, àfi bó ṣe já owó náà wálẹ̀ lójijì. Ara fu mí. Mo dojú páálí kan dé. Nísàlẹ̀, tíntìntín: 2015年.

Mo fi ìka tọ́ ọ. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ki oríkì ìyá ẹ̀. Bátìrì a máa gbó nínú páálí láìlò, ẹ̀yin náà mọ̀. Kí n wá kó 300 dé Ìkẹjà, kí wọ́n máa gbé èyí tó wú bí àkàrà padà wá bá mi! Ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó gbé tuntun wá. Owó gùn díẹ̀, mo san án.

Ìyá Bọ́lá:
Ẹ̀gbọ́n, tiyín dáa. Èmi béèrè iye ṣájà, ọkùnrin náà na àtàǹpàkò àtọmọńdinrín, ó ká ìka yòókù mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ nawọ́ yín kẹ́ ẹ wò ó, ṣé kì í ṣe «pè mí» nìyẹn? Mo fi òrùka ìgbéyàwó mi hàn án. Ó tún na ọwọ́ náà. Ọmọ Nàìjíríà kan tó ń kọjá ló rẹ́rìn-ín títí tó fi dì mọ́ káńtà: mẹ́fà ni wọ́n ń fi ọwọ́ yẹn kà. 6 yuan ni ṣájà.

Wálé Ìbàdàn:
Fóònù tèmi, ojúlówó ni. Mo tẹ *#06# kí n lè rí IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, ó sì bá ti ara páálí mu rẹ́gí. Mo dé Ìbàdàn, kò sí Play Store. Wọn kì í fi ti Google sínú èyí tí wọ́n ń tà fáwọn ará Ṣáínà fúnra wọn. Èyí tó dùn mí ni pé mo rí i ní òtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀ pé Google kò ṣí, àmọ́ kì í ṣí ní Ṣáínà tẹ́lẹ̀, mo wá rò pé kò sí nǹkan tó ṣe fóònù.

Alájàpá:
Pápákọ̀ òfuurufú ni wọ́n ti gba power bank mi. Wọn ò kọ iye agbára ẹ̀ sí i lára. Tí kò bá ju 100Wh (watt-hour, ìwọ̀n agbára bátìrì) lọ, ẹ lè gbé e sínú àpò ọwọ́, àmọ́ èyí tí kò ní àkọlé, wọn ò ní gbà á.

Ọmọ Ìkẹjà, kí lẹ fi ìwé ìròyìn inú bàálù yẹn ṣe?

Ọmọ Ìkẹjà:
Mo fi wé bàtà. Àmọ́ mo ṣì rí òmíràn. Ní Guangzhou, wọ́n lẹ ìwé ìròyìn sínú gíláàsì létí títì, bàbá arúgbó kan káwọ́ sẹ́yìn, ó ń kà á. Mo dúró tì í, mò ń wá 年 mi. Ó wo àwọ̀ mi, ó wá fi ìka kan àwòrán kan ní gíláàsì. Ahmed Musa, agbábọ́ọ̀lù Super Eagles wa ni! Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àwa àti Iceland ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, a nà wọ́n 2:0. Bàbá náà tọ́ka sí Musa, ó tọ́ka sí mi. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì padà sẹ́nu ìwé ẹ̀.