Àwọ̀ ewé lábẹ́ acrylic, awọ etí èékánná tó pọ́n: ìgbà wo ni ká dá oníbàárà padà?

Ìka_Àrà béèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Bí a bá yọ acrylic (èékánná àtọwọ́dá) àtijọ́ tí a bá àwọ̀ ewé lábẹ́ rẹ̀, tí oníbàárà sì ń bẹ̀bẹ̀ pé ká sáré bò ó torí ìgbéyàwó ọjọ́ Sátidé, ṣé ká ṣe é? Bí awọ etí èékánná bá kàn pọ́n díẹ̀ ńkọ́? Ibi tí ààlà wà gan-an ni mo fẹ́ mọ̀, torí bí a bá ti kọ̀, ṣọ́ọ̀bù kejì ni wọ́n ń lọ.

Àṣàkẹ́ Eléékánná:
Ẹ má bò ó. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Pseudomonas ló sábà máa ń fa àwọ̀ ewé yẹn. Ibi tí acrylic ti ṣí létí ni omi ń gbà wọlé, kò sì rí ọ̀nà jáde. Ibi ọ̀rinrin bẹ́ẹ̀ ló ń gbé. Bí ẹ bá fi tuntun lé e, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nìyẹn, iná lámpù tí a fi ń gbẹ gel (ọ̀dà èékánná tó ń le lábẹ́ iná) kò sì ní pa á. Ẹ gé apá èékánná tó ti ṣí kúrò lára ẹran, kó lè máa gbẹ, kí ẹ sì ní kó lọ rí dókítà.

Ẹ má fi fáìlì ha àwọ̀ náà kúrò o. Àbàwọ́n lè ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú, èékánná ló máa gbé e jáde. Èékánná ọwọ́ ń gùn tó mìlímítà 3 lóṣù, nítorí náà ó lè tó oṣù 6.

Nọ́ọ̀sì Ẹsẹ̀:
Òótọ́ ni, àmọ́ yíyọ gan-an ní ààlà tirẹ̀. Bí etí èékánná bá wú, tó gbóná, tó ń ro ó, tàbí tí ọ̀yún hàn, ẹ má fọwọ́ kan ìka náà rárá, ì báà jẹ́ láti yọ acrylic. Ásítóònù tí a fi ń yọ acrylic á ta á, fáìlì á sì tún ṣí egbò. Bí oníbàárà náà bá ní ìtọ̀ ṣúgà, tí ibà bá mú un, tàbí tí pípọ́n náà ń gun ọwọ́ lọ, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó dé ilé ìwòsàn. Bákan náà ni ìléròrò wẹ́wẹ́ tó kóra jọ: ẹ má tú u, ó ń ràn.

Pípọ́n tó ń yún ún ní ìka púpọ̀ lẹ́yìn gel lè jẹ́ pé ara rẹ̀ kọ gel náà. Kì í ṣe àkóràn, síbẹ̀ ẹ má ṣe é. Bí ẹ bá tún kùn ún, á burú sí i ni.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ wa ń gbójú fò: ìlà dúdú lórí èékánná. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ìlà bẹ́ẹ̀ ní èékánná púpọ̀ wọ́pọ̀, kì í sì í ṣe àrùn lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tó ń fẹ̀, tàbí tí dúdú náà ti dé ara awọ, kó tètè lọ rí dókítà, torí ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Abẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ni jẹjẹrẹ Bob Marley ti bẹ̀rẹ̀.

Ìka_Àrà:
Ẹ ṣeun gan-an. Bí àwọ̀ ewé bá wà ní ìka kan péré, ìka 9 tó kù ńkọ́?

Àṣàkẹ́ Eléékánná:
Bí kò bá sí ọ̀yún tàbí wíwú, ẹ lè kun àwọn yẹn ní pólíìṣì lásán, kí ẹ fi fáìlì ọ̀tọ̀ ṣe wọ́n, kí ẹ fi ìka yẹn sílẹ̀ ní ìhòòhò. Ẹ má sì dárúkọ àrùn fún un, iṣẹ́ dókítà nìyẹn. Ẹ kàn sọ pé: "Àǹtí, ohun tí mo rí lórí ìka yìí kọjá iṣẹ́ mi. Ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó. Bí ó bá ti jinná, ẹ padà wá, màá ṣe é fún yín."

Ẹ sọ fáìlì, bọ́fà (èyí tí a fi ń dán èékánná) àti igi tó kan ìka náà nù. Ẹ fi ọṣẹ fọ àwọn irin ná, torí ìdọ̀tí ń sọ bleach di aláìlágbára. Bleach tó bá jẹ́ 3.5%, ẹ po ìpín 1 rẹ̀ mọ́ omi ìpín 6, kí ẹ rẹ àwọn irin náà sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ ṣàn wọ́n, kí ẹ nù wọ́n gbẹ kí wọ́n má baà dípẹtà. Àpótí iná UV tí wọ́n ń tà lọ́jà kò lè dípò èyí.