Bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti ń sú ni lò

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun èèyàn, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ibà bá muni, orí fífọ́ àti ara gbígbóná ló ń ránni létí oògùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga dé 160/100 lè jí kí ara rẹ̀ le koko, kó máa ní kí ni òun tún ń gbé oògùn mì fún. Ẹ má dúró dìgbà tó bá wù yín. Ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ̀ ń ṣe láràárọ̀, ìbáà wù yín, ìbáà má wù yín: ẹnu fífọ̀. Oúnjẹ àárọ̀ kò ṣeé gbára lé, torí ọjọ́ míì wà tó jẹ́ aago mọ́kànlá la tó ń fi nǹkan kan ẹnu. Ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́: "Bí mo bá ti fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, oògùn ló kàn." Peter Gollwitzer, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, kọ ọ́ ní 1999 pé ẹni tó bá pinnu pé bí tibí bá ti ṣẹlẹ̀, tọ̀hún ni òun máa ṣe, sábà máa ń ṣe é ju ẹni tó kàn ní òun á gbìyànjú lọ.

Oògùn kò gbọ́dọ̀ gbé balùwẹ̀ o, ọ̀rinrin ibẹ̀ ń bà á jẹ́. Ife búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ gbé wá sí yàrá, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ní tó, kí ẹ wá gbé oògùn tì í.

* * *

Òótọ́ ni ti ẹnu fífọ̀, àmọ́ ẹ fi káàdì alájọ kún un. Àpótí 31 ló wà lójú rẹ̀. Ẹ ra èyí tí wọn ò tíì kọ nǹkan sí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè oògùn, ẹ so bírò mọ́ ọn. Ẹ gbé oògùn mì tán kí ẹ tó fàlà sínú àpótí ọjọ́ náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fàlà, tí ẹnìkan wá ń kanlẹ̀kùn, àlà á wà lójú káàdì, oògùn á sì wà nínú páálí.

Bí àpótí kan bá ṣófo ńkọ́? Bí ẹ bá rántí lọ́jọ́ náà, ẹ lò ó. Bí àkókò ti ọjọ́ kejì bá ti súnmọ́, ẹ fo èyí tẹ́ ẹ gbàgbé. Ẹ má lo méjì pọ̀, kí ìfúnpá má baà já wálẹ̀ kí òòyì sì kọ́ yín. Ọjọ́ kan tó bọ́ kì í ba iṣẹ́ jẹ́. "Ó ti bàjẹ́ náà nìyẹn" ló ń bà á jẹ́. Phillippa Lally àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní University College London tọpa èèyàn 96, èsì rẹ̀ jáde ní 2009. Kí àṣà tuntun tó mọ́ni lára, bí a bá wo àárín, ó gba ọjọ́ 66. Ó yá àwọn kan ní ọjọ́ 18, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ dé 254 fún àwọn mìíràn. Ọjọ́ kan tó bọ́ kò da nǹkan rú. Ọjọ́ 21 tí gbogbo ayé ń sọ pé àṣà fi ń mọ́ni lára yẹn, ẹ gbàgbé rẹ̀.

* * *

Kì í ṣe ọ̀lẹ nìkan ló ń mú kéèyàn fo oògùn. Nínú àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, amlodipine máa ń mú ọrùn ẹsẹ̀ àwọn kan wú. Lisinopril máa ń fa ikọ́ gbígbẹ fún àwọn mìíràn. Hydrochlorothiazide ń múni tọ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fò ó lọ́jọ́ ìrìnàjò: ta ló fẹ́ kí ìtọ̀ máa gbọ̀n òun nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn? Ẹ sọ ọ́ fún dókítà, ó lè pààrọ̀ oògùn tàbí kó yí àkókò rẹ̀ padà. Ẹ má dá a dúró fúnra yín, pàápàá clonidine àti propranolol, torí ìfúnpá lè fò sókè lójijì.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà ńbẹ̀. Bí hóró bá ku méje, ẹ lọ ra òmíràn, ẹ má jẹ́ kó tán. Ẹ bi oníkẹ́míìsì bóyá ilé iṣẹ́ mìíràn ń ṣe oògùn kan náà tówó rẹ̀ rọjú. Orúkọ oògùn àti 5 mg tàbí 10 mg ara rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bára mu.

* * *

Nínú Rámádàánì, sààrì tàbí ìṣínu ni kí ẹ so oògùn mọ́. Ẹ rí dókítà kí oṣù tó lé.

* * *

Ìfúnpá tó wálẹ̀ gan-an ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Wọ́n wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ 124/78, wọ́n ní ara ti yá, wọ́n gbé oògùn jù sílẹ̀. Oògùn ló gbé e wálẹ̀. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ó tún máa gùn.

Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ nílé, ẹ tọ̀ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, ẹ má jẹ obì, ẹ má mu kọfí tàbí sìgá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Ẹ jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹ má gbé ẹsẹ̀ léra, ẹ gbé apá lé tábìlì kó bá àyà dọ́gba, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú kan láàárín wọn, láàárọ̀ kí ẹ tó lo oògùn àti lálẹ́. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sẹ́yìn káàdì alájọ yẹn, kí ẹ mú un dání lọ bá dókítà. Bó bá tó 180/120, tí àyà ń dùn yín tàbí tí ẹnu ń wọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ọsibítù ni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.