Ilé wo la fẹ́ wò ká tó sọ kalimodúlíìnì lórúkọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ sì kú ìfaradà.

Bí a ó ṣe pe kalimodúlíìnì tí wọ́n ń tà fún ìwádìí ní Yorùbá ni a ń bá fà á. Ohun mẹ́rin ni orúkọ ara ìgò rẹ̀ ń sọ pọ̀: pé purotéènì ni, pé ó ń di kálísíọ̀mù mú, pé ó jẹ́ ti ènìyàn, àti pé DNA tí a gé, tí a sì so pọ̀ mọ́ òmíràn ni wọ́n fi ṣe é. Àbá mẹ́rin ló ti wọlé: «amúaradàgbà ènìyàn àtọwọ́dá», «purotéènì ènìyàn àdàlù», «purotéènì ènìyàn àtúnpapọ̀ tó ń de kálísíọ̀mù», àti «àgbàtọ́» tí ẹnì kan jù sílẹ̀ lálẹ́ àná. Orí ọ̀rọ̀ «recombinant», ìyẹn ti DNA tí a gé, tí a sì so pọ̀ yẹn, ni gbogbo wa ń pariwo lé. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ tó léwu jù níbẹ̀ ni «ènìyàn», kò sì sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo ka àbá kejì sétí ẹnì kan tí kì í ṣe onísáyẹ́ǹsì. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, «Ta ni wọ́n yọ ọ́ lára rẹ̀?» Kò sẹ́ni tí wọ́n yọ ọ́ lára rẹ̀. Jíìnì ènìyàn ni wọ́n ṣe àdàkọ rẹ̀, wọ́n so ó mọ́ plasmid, ìyẹn DNA kékeré tó rí roboto bí òrùka, wọ́n gbé e sínú bakitéríà E. coli, bakitéríà náà ló sì ń ṣe purotéènì ọ̀hún. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, mo gbà. Ilé wo wá ni? Ilé tí jíìnì ti wá ni àbí ilé tí wọ́n bí ọmọ sí?

Ti kalimodúlíìnì tún wá lọ́jú pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Amino acid, ìyẹn ẹyọ kéékèèké tí purotéènì fi ń di odindi, 148 nínú wọn ló so kọ́ra wọn di purotéènì yìí, ìtòlẹ́sẹẹsẹ wọn ò sì yàtọ̀ láàárín àwọn ẹ̀dá tó ní eegun ẹ̀yìn. Ti màlúù, ti adìẹ, ti ènìyàn, ọ̀kan náà ni. Kódà nínú ènìyàn fúnra rẹ̀, jíìnì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, CALM1, CALM2 àti CALM3, ló ń bí purotéènì kan ṣoṣo yìí. Nítorí náà, «ènìyàn» tó wà lára ìgò kò sọ ohun tó wà nínú ìgò rárá. Jíìnì tí wọ́n dà kọ ló ń sọ. Ilé tí wọ́n bí i sí ló máa ń fi àmì sí i lára. Nínú ọpọlọ màlúù, sẹ́ẹ̀lì máa ń fi ègé kẹ́míkà kékeré mẹ́ta tó ń jẹ́ methyl kún lysine, ọ̀kan lára àwọn amino acid náà, tó wà ní ipò 115. E. coli kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí irú àmì bẹ́ẹ̀ máa fẹ́ mọ̀, àbá kankan nínú mẹ́rin yìí ò sì sọ fún un.

Ẹ rántí ínsúlíìnì, purotéènì tí wọ́n fi ń tọ́jú àtọ̀gbẹ. Ní 1978 ni wọ́n kọ́kọ́ mú ínsúlíìnì ènìyàn jáde láti inú E. coli, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí oògùn ní 1982. «Ti ènìyàn» ni wọ́n pe ti bakitéríà yẹn, nígbà tó jẹ́ pé ara ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù ni wọ́n ti ń yọ ti tẹ́lẹ̀.

Ó yá, ká bọ́ sórí «recombinant». «Àtọwọ́dá» ti fẹ̀ jù: ike náà àtọwọ́dá ni, purotéènì kéékèèké tí wọ́n fi kẹ́míkà tò láìsí jíìnì kankan níbẹ̀ náà àtọwọ́dá ni. «Àdàlù» ń rùn bí àdàmọ̀dì. Ta ni yóò ra ohun tí wọ́n ti dà lù? «Àgbàtọ́» pa mí lẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, àmọ́ ó lójú ibi tí ó ń dé. Wọ́n tún ń ṣe irú purotéènì yìí nínú HEK293, tí í ṣe sẹ́ẹ̀lì tó ti inú kíndìnrín ènìyàn wá. Ọmọ tí wọ́n tọ́ sílé bàbá rẹ̀, ta ló gbà á tọ́?

«Àtúnpapọ̀» ló sún mọ́ ọn jù, àṣìṣe kan péré ló ní: DNA la tún pa pọ̀, kì í ṣe purotéènì. Ẹni tó bá gbọ́ «purotéènì àtúnpapọ̀» á rò pé wọ́n fi àtè lẹ àfọ́kù purotéènì pọ̀ ni. Mo dá «àgésopọ̀» lábàá, kó sì máa tẹ̀lé DNA nígbà gbogbo: DNA àgésopọ̀. Gígé àti síso niṣẹ́ náà lóòótọ́. Ẹ́ńsáìmù kan ń gé, òmíràn ń so.

Ní ti kálísíọ̀mù, n kò fara mọ́ «dè». Ohun tí a dè kì í tú ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kalimodúlíìnì máa ń gbá kálísíọ̀mù mẹ́rin mú, ara rẹ̀ á yí padà, tí kálísíọ̀mù bá sì dín kù láyìíká rẹ̀, á jọ̀wọ́ wọn. Àwọn onímọ̀ fúnra wọn ń pe ibi tó fi ń mú un ní ọwọ́. Robert Kretsinger ló rí i lára purotéènì ẹja kan ní 1973, ó ní ó dà bí ìka ìlábẹ̀ àti àtàǹpàkò tó nà. «Dì mú» ló bá a lọ, nítorí ọwọ́ la fi ń di nǹkan mú. Ẹnì kan lè ní ká kúkú sọ pé «amú-kálísíọ̀mù». Tí wọ́n bá yọ àmì ohùn kúrò, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe lórí fóònù, ó ti di ẹni tó ń mu kálísíọ̀mù nìyẹn.

«Amúaradàgbà» dára nínú ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Èyí kì í mú ara ẹnikẹ́ni dàgbà, iṣẹ́ ló ń jẹ́ láàárín sẹ́ẹ̀lì. Ẹ jẹ́ ká fi purotéènì sílẹ̀.

Báyìí ni èmi ì bá kọ ọ́: «Kalimodúlíìnì, purotéènì adi-kálísíọ̀mù-mú, jíìnì ènìyàn, DNA àgésopọ̀, inú E. coli la ti mú un jáde. Fún ìwádìí nìkan.» Ó gùn, mo mọ̀. Ìgò náà kéré, ṣùgbọ́n ìwé tó máa ń bá a wá láyè dáadáa.

Ó ku ẹyọ kan. Wọ́n sábà máa ń fi histidine mẹ́fà, amino acid ni òun náà, kún ìdí irú purotéènì yìí, kí níkẹ́ẹ̀lì lè rí ibi dì í mú nígbà tí wọ́n bá ń yọ ọ́ láàárín ìdọ̀tí bakitéríà. Àwọn kan ti ń pè é ní «ìrù» tàbí «àmì». Èmi ń wò ó bíi ti idà: èèkù ni.