Ṣé inú ọgbà yunifásítì Ifẹ̀ ni kí ọmọ wa máa gbé, àbí ìgboro?

Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Iléṣà:

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o. Wọ́n ti gba ọmọbìnrin mi sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Olódùmarè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ibi tí yóò máa gbé ti fẹ́ di ìjà láàárín èmi àti bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní Iléṣà sí Ifẹ̀ kò jìnnà, pé kí ó máa ti ilé lọ kí ó sì máa darí wálé ní ìrọ̀lẹ́ bí àwọn oníṣòwò ṣe ń ṣe. Àbúrò mi ní kí a gba yàrá fún un ní ìgboro. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ju họ́sítẹ́ẹ̀lì lọ, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ ni yóò bá pàdé níbẹ̀. Ilé ni èmi ti ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ nígbà tèmi, nítorí náà n kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé inú ọgbà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kẹrin:

Ẹ kú oríire, mà. Ẹ bá mi bẹ bàbá kí wọ́n má bínú, ṣùgbọ́n kí ó máa ti Iléṣà wá kò lè ṣeé ṣe. Ìrìn Iléṣà sí Ifẹ̀ kọ́ ni ìṣòro. Apá ìlà-oòrùn ni ọkọ̀ Iléṣà ń gbà wọ Ifẹ̀, ọ̀nà Ìbàdàn sì ni géètì ọgbà wà, nítorí náà yóò la ìlú já kí ó tó dé ibẹ̀. Bí ó bá sì dé géètì, kò tíì dé kíláàsì, torí ọ̀nà tó wọ àárín ọgbà gùn débi pé ènìyàn ní láti tún wọ ọkọ̀ mìíràn.

Kíláàsì àwọn ọdún kìn-ín-ní sì nìyẹn, tí èrò máa ń kún bí ọjọ́ ọjà, pàápàá àwọn kọ́ọ̀sì tí ẹ̀ka púpọ̀ jọ ń ṣe. Ohun tí àwọn tó ń gbé yàrá kan náà máa ń ṣe ni pé ẹnì kan nínú wọn yóò tètè jí, yóò kó ìwé àwọn yòókù dání, yóò sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan lé àga níwájú, kí àwọn yòókù tó wẹ̀ tán kí wọ́n sì fi tíì gbe búrẹ́dì mì. (Àwọn kan máa ń gbá ìwé ẹlòmíràn dànù kí wọ́n tó jókòó. Ìjà ibẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀.) Ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn dé yóò dúró lẹ́nu fèrèsé, bí ẹ̀rọ gbohùngbohùn bá sì kọ̀, ètè olùkọ́ nìkan ni yóò máa wò.

Òru gan-an ni ọgbà ti wúlò jù, mà. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa kó ìwé àti aṣọ ìbora lọ sí kíláàsì tí iná bá wà, wọ́n á sì kàwé mọ́jú. Ẹni tí kò bá lóye ìṣirò kan á rí ẹni tí yóò ṣàlàyé rẹ̀ fún un ní agogo méjì òru. Ẹni tó ń gbé ìgboro ní láti dìde lọ sílé kí ọkọ̀ tó wọ́n lójú pópó, pàápàá bí ó bá jẹ́ obìnrin.

Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì kò kárí. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń dù ú, nítorí náà kí ó má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i kọjá.

Onílé Kan, Ọ̀nà Ẹdẹ, Ilé-Ifẹ̀:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo ń fi yàrá háyà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà kí ẹ mọ̀ pé ọjà mi ni mo ń polówó. Ìgboro ní àǹfààní tirẹ̀: ọmọ á ti ilẹ̀kùn rẹ̀, á sun oorun tó bá wù ú, á se ọbẹ̀ tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò sì ní tò fún omi lẹ́yìn ẹni ogún. Ohun tí àwọn éjẹ́ǹtì kì í sọ fún òbí ni pé owó ọdún kan gbáko ni a ń gbà, yálà ilé ẹ̀kọ́ ń lọ tàbí kò lọ. Ní ọdún 2022 tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Èrèlé títí wọ oṣù Ọ̀wàrà, ilé àwọn òbí wọn ni ọ̀pọ̀ àwọn ayálégbé mi wà, owó yàrá sì ń jẹ lọ. Mo dín tọdún kejì kù fún wọn. Kì í ṣe gbogbo onílé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá máa gbà á, ẹ wá fi ojú ara yín wo kànga àti ọgbà ilé kí ẹ tó sanwó.

Ọmọ Ifẹ̀ Àtijọ́:

Ìyá wa, ẹ̀rù ẹgbẹ́ tó ń bà yín kì í ṣe asán. Ní ọjọ́ 10 oṣù Agẹmọ ọdún 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn wọ inú ọgbà náà lóru, wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò gbàgbé rẹ̀ títí di òní, ìkórìíra tí wọ́n ní sí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sì kéré. Ẹgbẹ́ tí ọmọ yín yóò bá pàdé jù ni ẹgbẹ́ àdúrà, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, àti ẹgbẹ́ eléré orí ìtàgé, tí gbogbo wọn yóò máa fà á lápá ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní. Kí ó yan ẹyọ kan.

Nígbà tiwa, ìjọba ń dá sí owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́dún 1978 tí wọ́n fi 50 kọ́bọ̀ lé owó oúnjẹ òòjọ́, yunifásítì káàkiri Nàìjíríà ló gbiná fún ìwọ́de akẹ́kọ̀ọ́. Ìyẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀. Bí ọmọ yín kò bá mọ oúnjẹ sè, búkà ni yóò kó owó oṣù rẹ̀ lọ kí oṣù tó dé ìdajì, níbikíbi tó wù kí ó máa gbé.

Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Iléṣà:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ará. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sí etí bàbá rẹ̀, ó ní òun ti gbọ́. Họ́sítẹ́ẹ̀lì ni a ó kọ́kọ́ dù. Bí kò bá wá rí bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Kí ni kí ó sì kó dání?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kẹrin:

Bí kò bá rí i, mà, kí ó má ṣe lọ há mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì ọ̀rẹ́. Ẹni méjì lórí bẹ́ẹ̀dì tóóró kan, ọ̀rẹ́ náà kì í pẹ́ bàjẹ́. Kí ẹ gba yàrá ní ìgboro, ní àdúgbò Mayfair tàbí Lágere, kí òun àti ọmọbìnrin mìíràn tó ń ṣe kọ́ọ̀sì kan náà jọ dá owó rẹ̀, kí wọ́n lè jọ máa lọ kí wọ́n sì jọ máa bọ̀. Ní ti ẹrù, kí ó kó nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, tọ́ọ̀ṣì, gààrí, àgádágodo tó lágbára, àti korobá méjì. Ẹ bá mi fi ọ̀dà kọ orúkọ rẹ̀ sí ara korobá náà, nítorí òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ jí.