Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ omi ẹja wo ni kí n rà, Apex àbí ProfiLux?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja òkun nílé. Omi iyọ̀ 300 lítà ló wà nínú àpótí gíláàsì mi, iyùn alààyè ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. London ni mò ń gbé, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Lóṣù tó kọjá, hítà kọ̀, kò pa ara rẹ̀ mọ́. Kí n tó dé, omi ti gbóná dé 30°C, ẹ̀ka iyùn kan sì ti ń funfun báláú. Ó dùn mí gan-an.

Mo fẹ́ ẹ̀rọ tí yóò pa hítà fúnra rẹ̀ bí omi bá kọjá 27°C, tí yóò sì ta fóònù mi lólobó. Èwo ló rọrùn jù láti tò? Ṣé kí n ra èyí tó ń wọn pH (bí omi ṣe kan sí) àti iyọ̀ mọ́ ọn, àbí kí n fi ti ooru bẹ̀rẹ̀ ná?