Ewé òdòdó daylily ń yọ lẹ́búlẹ́bú: ṣé kí n hú u dànù?

Ìyá Ìbejì (Houston):
Ẹ kú iṣẹ́ ọgbà o, ẹ̀yin ará ilé. Abẹ́ ewé daylily iwájú ilé wa ti kún fún kókó wínníwínní. Tí ọwọ́ bá kàn án, lẹ́búlẹ́bú pupa rúsúrúsú á yí mọ́ èèyàn lọ́wọ́ bí osùn. Ewé ìsàlẹ̀ ti ń gbẹ. Alaalẹ́ ni sprinkler ń bomi rin ín. Ṣé kí n hú gbogbo ẹ̀ ni? Ilá àti tẹ̀tẹ̀ wà nítòsí, mi ò fẹ́ kó ràn wọ́n.

Bàbá Ọlọ́gbà:
Ẹ má hú u, ìyá wa. Ìpẹtà daylily ni, àrùn ewé tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Puccinia hemerocallidis. Ẹ fi tíṣù funfun nu abẹ́ ewé: tí àwọ̀ ọsàn bá yọ sí i, òun náà nìyẹn. Àrùn kan wà tó máa ń fa ìlà gbígbẹ sáàárín ewé, àmọ́ ìyẹn kì í yọ lẹ́búlẹ́bú. Ewé àti ọ̀pá òdòdó ni ìpẹtà ń bá jà, kì í wọ gbòǹgbò.

Ẹ gé gbogbo ewé àti ọ̀pá tó lámì, kó ku ínǹṣì 2 sí 3 sókè ilẹ̀. Ẹ ti gbé ọ̀rá ìdalẹ̀nù sẹ́bàá ìdí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ohun tẹ́ ẹ gé bọ́ sínú ẹ̀ tààrà. Tẹ́ ẹ bá gbé ewé náà la ọgbà kọjá, ẹ̀ ń fọ́n àrùn ká nìyẹn. Ẹ ṣa èyí tó ti gbẹ nílẹ̀. Ẹ fi sípíríìtì nu sísọ́ọ̀sì kẹ́ ẹ tó bọ́ sí ìdí mìíràn. Ẹ má wá torí ẹ̀ hú u pín nínú ooru oṣù keje tàbí ìkẹjọ o. Ojú ibi tẹ́ ẹ gé lè jẹrà.

Ẹ̀gbọ́n Adáko:
Sprinkler alẹ́ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Lẹ́búlẹ́bú yẹn ò lè ráyè wọ ewé gbígbẹ. Ó fẹ́ kí ewé tutù fún wákàtí 5 sí 6, ooru bíi 72 sí 75 Fahrenheit ló sì bá a lára mu jù. Ẹ fi rọ́bà tó ń kán omi sí ìdí ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ sún sprinkler sí ìdájí, nígbà tí ìrì ti wà lára ewé tẹ́lẹ̀, kí oòrùn lè tètè gbẹ ẹ́.

Kò ní í ran ilá àti tẹ̀tẹ̀. Kódà, ìpẹtà àgbàdo tá a mọ̀ nílé, ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀. Oògùn tẹ́ ẹ máa fọ́n ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún lẹ́bàá ẹ̀fọ́.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣé gan-an ni, sà. Oògùn wo wá ni? Ṣíbí mélòó sí gálọ́ọ̀nù kan?

Àǹtí Olódòdó:
Ma, ẹnikẹ́ni ò lè sọ iye ṣíbí láìrí ike ẹ̀, torí oògùn inú ike kan lè le ju ti ìkejì lọ fíìfíì. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i fún òdòdó ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Chlorothalonil àti mancozeb, orí ewé ni wọ́n ń dúró sí. Ààbò ni wọ́n, wọn kì í wo èyí tó ti wọlé. Azoxystrobin, propiconazole àti myclobutanil máa ń wọnú ewé. Tí ewé tuntun bá ti ń yọ, ẹ máa fọ́n ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, ọjọ́ 7 sí 14 síra wọn bí ike bá ṣe wí. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ bọ́ lórí myclobutanil sí propiconazole, ìyẹn kì í ṣe pípààrọ̀. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà ń jà. Tí ọ̀kan ò bá pa àrùn náà mọ́, ìkejì náà lè má pa á.

Abẹ́ ewé ni kẹ́ ẹ dojú pọ́ǹpù kọ. Òkè lọ̀pọ̀ èèyàn ń fọ́n, wọ́n á ní oògùn ò ṣiṣẹ́. Ẹ bo ojú yín dáadáa. Chlorothalonil burú fún ẹyinjú.

Ìyá Ìbejì:
Òtútù ọyẹ́ ò ní í pa á ni?

Ẹ̀gbọ́n Adáko:
Ní Minnesota, ó lè pa á, torí gbogbo ewé á kú wálẹ̀. Ní Houston, ewé kan á ṣì tutù níbìkan, ibẹ̀ ló ń fara pamọ́ sí. Georgia ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2000, ọjà òdòdó ló sì gbé e káàkiri. Èyí tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ gé ewé ẹ̀, kẹ́ ẹ gbìn ín sí ìkòkò lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tó bá jẹ́ oríṣi daylily tí wọ́n ń pè ní Pardon Me lẹ gbìn, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ kúrò. Ìpẹtà fẹ́ràn ẹ̀ jù. Oríṣi méjì mìíràn, Little Business àti Mac the Knife, le jù ú lọ, àmọ́ oríṣi ìpẹtà pọ̀, ẹ ṣì máa yí abẹ́ ewé tiwọn náà wò.