Wedge tokunbo tí wọ́n tún ilà ojú rẹ̀ gbẹ́: ṣé ó ṣì bá òfin gọ́ọ̀fù mu?

Koríko_Gíga béèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Wedge tokunbo (ọ̀pá gọ́ọ̀fù tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù sókè láti ibi tó sún mọ́ ihò) dígírì 56 kan wà lọ́wọ́ mi, kò sí ọdún kankan lára rẹ̀. Ẹni tó tà á ti fi irin ṣóńṣó gbẹ́ àwọn ilà ojú rẹ̀ kí wọ́n lè tún jìn. Ní báyìí, ó ń ha èèpo bọ́ọ̀lù. Ṣé mo lè fi gbá ìdíje? Ṣé mo lè wọ̀n ọ́n nílé? Bí mo bá sì kàn gbé e sínú báàgì láìfi gbá nǹkan kan ńkọ́?

Iron_Méje:
Èèpo bọ́ọ̀lù tó ń ha yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá yín lóhùn. Láti January 1, 2010 ni òfin R&A àti USGA, àwọn àjọ méjì tó ń ṣe òfin gọ́ọ̀fù, ti ní kí etí ilà ṣe kiribiti lára ọ̀pá tuntun tí loft rẹ̀ (bí ojú ọ̀pá ṣe dagun sẹ́yìn tó) bá tó dígírì 25 sókè. Rédíọ́ọ̀sì etí náà kò gbọdọ̀ dín sí 0.254mm, kò gbọdọ̀ ju 0.508mm lọ. Irin ṣóńṣó kì í fi etí kiribiti sílẹ̀, ṣe ló máa ń ti irin sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà. Ẹ fi èékánná rá a, ẹ ó mọ̀ ọ́n. Etí tó mú tàbí tó yọ sókè kò bófin mu, ì báà jẹ́ lára ọ̀pá àtijọ́.

Ẹ má rò pé wọ́n kàn fẹ́ ni wá lára. Láti 1984 tí wọ́n ti fàyè gba ilà tó rí bíi lẹ́tà U, ilà yẹn máa ń fa omi àti oje koríko kúrò láàárín ọ̀pá àti bọ́ọ̀lù. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọ inú koríko kò fi bẹ́ẹ̀ jìyà mọ́, bọ́ọ̀lù rẹ̀ ṣì ń fò dúró sórí green, ibi koríko kúkúrú tí ihò wà.

Alábẹ́rẹ́_Vernier:
Wíwọ̀n nílé ṣeé ṣe, àmọ́ kò lè débi gbogbo. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti ọṣẹ fọ ojú ọ̀pá, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ wọ̀n láti etí òkè ilà kìíní dé etí òkè ilà karùn-ún, kí ẹ fi 4 pín in. Ká ní 3.6mm ló bọ́ sí. Ìbú ilà kò gbọdọ̀ ju 0.9mm, jíjìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 0.508mm. Àyè tó wà láàárín ilà méjì gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ìbú ilà, kò sì gbọdọ̀ dín sí 1.905mm.

Ibi tó ń kó bá àwọn tó ń gbẹ́ ilà ni bí inú ilà ṣe fẹ̀ tó. Ẹ gé ilà náà lábùú lọ́kàn yín: bí ẹ bá fi 3.6 pín ìwọ̀n ojú ibi tí ẹ gé, kò gbọdọ̀ ju 0.0762 lọ, ìyẹn ni pé ojú náà kò gbọdọ̀ ju 0.274mm² lọ. Ilà tó fẹ̀ ní 0.8mm, tó jìn ní 0.45mm, bó bá rí bíi V, 0.18mm² ni, ó yege. Bó bá rí gbọọrọ bí àpótí, 0.36mm² ni, ó ti kọjá. Ìbú kan náà, jíjìn kan náà o! Rédíọ́ọ̀sì etí ní tirẹ̀, vernier (irin ìwọ̀n ọwọ́) kò lè wọ̀n ọ́n, ẹ̀rọ tó ń fi abẹ́rẹ́ tọ ojú irin ló lè ṣe é.

Koríko_Gíga:
Bí mo bá fi sandpaper pa etí rẹ̀ ńkọ́?

Alábẹ́rẹ́_Vernier:
Etí á rọ̀, inú ilà kò ní kéré sí i. Sandpaper tó le tún lè sọ ojú ọ̀pá di gbágungbàgun: láti orí ibi tó yọ dé ìsàlẹ̀ ibi tó jìn lójú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 0.025mm lọ. Ẹ fi sílẹ̀.

Rule_Kẹrin:
Ti báàgì: gbígbé e kò ní ìyà, àmọ́ ó wà lára ọ̀pá 14 tí òfin gbà yín láyè láti gbé. Ẹ fi gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á lé yín kúrò nínú ìdíje, Rule 4.1a nìyẹn. Ọ̀pá tó bófin mu tó wá gbó nítorí pé a ń lò ó kò ní wàhálà, ẹ máa lò ó. Gbígbẹ́ kì í ṣe gbígbó.

Ẹ wá orúkọ àti loft rẹ̀ nínú àkójọ ọ̀pá tó wà lórí ìkànnì R&A tàbí USGA. Bí ó bá jẹ́ ti ṣáájú 2010, ẹ bi ìgbìmọ̀ ìdíje bóyá wọ́n mú Local Rule G-2 wọlé, torí òun ló ń lé ilà àtijọ́ jáde. Ní 2010, gbajúmọ̀ agbágọ́ọ̀fù Phil Mickelson fi wedge Ping Eye 2, ọ̀pá àtijọ́ ilé iṣẹ́ Ping, gbá nínú ìdíje PGA Tour ní Amẹ́ríkà, ariwo sì pọ̀. Àdéhùn tó ti wà tipẹ́ láàárín Ping àti USGA ló dáàbò bo ọ̀pá náà nígbà yẹn. Àmọ́ ẹ rántí: bí ọ̀pá ṣe kúrò ní fáktírì ni àkójọ yẹn ń sọ, kò mọ̀ pé ẹnì kan ti fi irin gbẹ́ tiyín.